ERIN ÀTI ÀWỌN ILÉ OLÓDI ORÍ ÒKÈ NÍ ILẸ̀ ÍŃDÍÀ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

  

Bí ẹnikẹ́ni bá ń béèrè ìdí rẹ̀ tí mo fi kọjá òkun lọ mú ọ̀rọ̀ mi ní ilẹ̀ Íńdíà, ìdáhùn mi kò gùn. Láàárín wa ni àwọn kan ti ń sọ pé ìlú tí ó bá ní òkè àti ìtàn yẹ kí ó sọ wọ́n di ohun tí àlejò yóò máa wá wò, kí owó lè wọlé, kí àwọn ọ̀dọ́ sì rí iṣẹ́ ṣe. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá rin ọ̀nà tí kò rìn rí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ẹni tí ó ti tọ̀ ọ́ léèrè. Àwọn ará Rajasthan ní Íńdíà ti ń gba àlejò sí orí òkè wọn láti ìgbà pípẹ́ wá. Wọ́n ti jẹ èrè rẹ̀, wọ́n sì ti rí ohun tí ó ń bàjẹ́ nídìí rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe mú ọ̀rọ̀ wọn wá síwájú yín.

ÀWỌN ILÉ OLÓDI NÁÀ

Rajasthan jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ní apá àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà. Ilẹ̀ gbígbẹ ni. Aṣálẹ̀ gba apá kan rẹ̀, àwọn òkè tí à ń pè ní Aravalli sì là á kọjá. Àwọn Rajput, tí wọ́n jẹ́ ìran jagunjagun, ni ó jọba níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Olúkúlùkù ìdílé ọba ni ó wá òkè tirẹ̀, tí ó mọ odi yí i ká, tí ó sì kọ́ ààfin, tẹ́ḿpìlì, ọjà àti ìkùdu omi sínú rẹ̀, kí ọ̀tá má bàa bá wọn lójijì. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa, àwa tí a mọ̀ bí òkè ti dáàbò bo àwọn ará Ìdànrè, àti bí Olúmọ ti ṣe ibi ìsádi fún àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830.

Ní ọdún 2013, UNESCO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ṣe ìpàdé ní Phnom Penh ní ilẹ̀ Kàǹbódíà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi mẹ́fà nínú àwọn ilé olódi Rajasthan sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Àwọn mẹ́fà náà ni Chittorgarh, Kumbhalgarh, Ranthambore, Gagron, Amber àti Jaisalmer.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa wọn. Nígbà mẹ́ta ni ọ̀tá sàga ti Chittorgarh tí wọ́n sì kó o: Alauddin Khalji, ọba Delhi, ní 1303, Bahadur Shah, ọba Gujarat, ní 1535, àti Akbar, ọba ńlá ìran Mughal, ní 1568. Ìtàn sọ pé nígbà kọ̀ọ̀kan tí àwọn ọkùnrin bá ti mọ̀ pé odi kò ní dúró mọ́, wọn a jáde lọ pàdé ikú lójú ìjà, àwọn obìnrin a sì wọ inú iná lọ, kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa tẹ̀ wọ́n láàyè. Ọba kan níbẹ̀, Rana Kumbha, ti kọ́ ilé gogoro alájà mẹ́sàn-án síbẹ̀ ṣáájú, láti fi ṣe ìrántí ìṣẹ́gun rẹ̀. Ó parí rẹ̀ ní 1448, gíga rẹ̀ tó mítà 37, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Ọba yìí kan náà ni ó mọ odi Kumbhalgarh, tí gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 36. Nínú Kumbhalgarh ni a bí Maharana Pratap ní 1540, akọni tí ó kọ̀ láti wólẹ̀ fún Akbar.

Amber ni àlejò ń rọ́ lọ jù. Kò ju kìlómítà 11 lọ sí ìlú Jaipur. Man Singh, ọba Amber, ẹni tí ó tún jẹ́ balógun fún Akbar, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1592. Jai Singh Kìíní sì fi kún un. Òkúta aláwọ̀ ìyeyè àti pupa, pẹ̀lú mábù funfun, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Adágún omi Maota wà ní ìsàlẹ̀ òkè, òjìji ààfin a sì máa hàn nínú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Iyàrá kan wà nínú ààfin tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ dígí wẹ́wẹ́ bo ògiri àti àjà rẹ̀. Bí a bá tan àbẹ́là kan ṣoṣo níbẹ̀ lóru, yóò dàbí ẹni pé ìràwọ̀ kún ojú ọ̀run. Nígbà tí ó di 1727, Jai Singh Kejì tẹ ìlú Jaipur dó sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó sì kó ìjọba lọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ààfin Amber ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìjọba tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ ìtàn.

Lókè Amber ni ilé olódi mìíràn wà tí à ń pè ní Jaigarh. Níbẹ̀ ni ìbọn àgbá ńlá kan wà tí wọ́n rọ ní 1720. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 50, síbẹ̀ kò jà lójú ogun kankan rí. Ní 1976 ìjọba Íńdíà rán ènìyàn lọ gbẹ́ ilẹ̀ Jaigarh, nítorí òkìkí kàn pé àwọn ọba àtijọ́ bo wúrà mọ́ ibẹ̀. Oṣù púpọ̀ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, wọn kò sì kéde pé àwọn rí wúrà náà. Ẹ̀yin ará mi, ìṣúra náà kò sí lábẹ́ ilẹ̀. Òun ni odi tí wọ́n dúró lé lórí, àti omi òjò tí àwọn baba fi ọgbọ́n darí láti ara òkè wá sínú àwọn ìkùdu rẹ̀.

ERIN NÍ ÌGBÀ OGUN

Nínú ìjálá àti oríkì ni púpọ̀ nínú wa ti mọ erin. Ní Íńdíà, erin jẹ́ ohun ìjà àti ohun ọlá. Bí ọba bá ń rìn ní ọjọ́ ọdún, erin ni yóò gùn, lórí àga tí a dì mọ́ ọn lẹ́yìn, tí a fi aṣọ olówó iyebíye bò. Bí ogun bá dé, erin ni wọn yóò kọjú sí ẹnu odi kí ó fi orí ti ilẹ̀kùn wọlé.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ó mọ odi náà fi ṣe ọgbọ́n àtakò. Wọn kò jẹ́ kí ọ̀nà lọ tààrà dé ẹnu ibodè. Wọ́n mú un ṣẹ́rí lójijì, kí erin má lè rí àyè sáré tagbáratagbára wá kọlu ilẹ̀kùn. Wọ́n sì kan irin ṣóńṣó mọ́ ara ilẹ̀kùn náà, níwọ̀n ibi tí iwájú orí erin yóò bá a. Ẹni tí ó bá lọ sí ilé olódi Mehrangarh ní Jodhpur, tí Rao Jodha bẹ̀rẹ̀ ní 1459, yóò rí irú irin bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ di òní olónìí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1576, Maharana Pratap pàdé ogun Akbar ní Haldighati, Man Singh tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ni ó sì jẹ́ balógun ogun náà. Erin ni Man Singh gùn. Ẹṣin tí Pratap gùn ń jẹ́ Chetak. Àwọn ará Rajasthan ń sọ ọ́ fún ọmọ wọn pé Chetak gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé erin náà lórí, kí olúwa rẹ̀ lè ju ọ̀kọ̀ sí Man Singh. Ọ̀kọ̀ náà tàsé. Ẹṣin náà fara gbọgbẹ́, síbẹ̀ ó gbé olúwa rẹ̀ jáde kúrò lójú ogun kí ó tó ṣubú kú. Di òní wọ́n ń bu ọlá fún ẹṣin náà bí ẹni ń bu ọlá fún akọni.

Mo sọ èyí kí ẹ lè rí ohun kan. Àwọn ará àtijọ́ fi ẹran sínú ewu, ṣùgbọ́n wọ́n mọ iye rẹ̀, wọ́n sì sọ ìtàn rẹ̀. Lónìí, odi tí a mọ kí erin má bàa wọlé ni erin ń gun lọ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àlejò lẹ́yìn rẹ̀.

ERIN TÍ Ń GBÉ ÀLEJÒ

Ní Amber, ní òwúrọ̀, àwọn erin a tò ní ìsàlẹ̀ òkè. A ti kun ojú àti ọwọ́ ìjà wọn ní ọ̀dà aláràbarà. Àlejò méjì ni yóò gun erin kan. Ẹni tí ń da erin, tí àwọn ará Íńdíà ń pè ní mahout, yóò jókòó sí ọrùn rẹ̀. Wọn yóò gun ọ̀nà olókúta lọ, wọn yóò sì gba ẹnu ibodè Suraj Pol, èyí tí í ṣe Ibodè Oòrùn, wọ àgbàlá ńlá. Níbẹ̀ ni àlejò yóò ti sọ̀ kalẹ̀, erin yóò sì padà lọ gbé ẹlòmíràn. Ó wu ènìyàn í rí. Èmi kò ní pa irọ́ fún yín pé kò wuni.

Ṣùgbọ́n àwa Yorùbá sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí àlejò kò rí ni mo fẹ́ sọ. Èkíní, erin kì í làágùn bí ènìyàn. Etí rẹ̀ ni ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀, oòrùn Rajasthan ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì burú jọjọ. Èkejì, bí erin ti tóbi tó nì, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ ṣóńṣó sókè, a kò dá a fún ìjókòó. Ẹrù tí ó bá wà lórí rẹ̀ lójoojúmọ́ a máa ha á lára. Ẹ̀kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Igbó ni a dá a fún, kì í ṣe òkúta gbígbóná. Ẹ̀kẹrin, àwọn erin wọ̀nyí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Láti ọ̀nà jíjìn, bí Assam ní ìlà-oòrùn Íńdíà, ni a ti ń kó wọn wá.

Ní ọdún 2018, ìgbìmọ̀ ìjọba Íńdíà tí ń rí sí àlàáfíà ẹranko rán àwọn ènìyàn lọ yẹ àwọn erin náà wò. Wọ́n yẹ erin 102 wò. Wọ́n rí i pé 10 nínú wọn ní ikọ́ ife, àrùn tí ó lè ran ènìyàn. Pé ojú 19 kò ríran dáadáa. Pé àwọn kan ti darúgbó, ẹsẹ̀ àwọn mìíràn sì ti gbọgbẹ́. Òfin sọ pé lórí òkè, ẹrù tí erin yóò rù kò gbọdọ̀ ju kìlógírámù 200 lọ. Wọ́n rí i pé ẹrù tí wọ́n ń rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, erin kan níbẹ̀ fi ọwọ́ ìjà rẹ̀ ju obìnrin àlejò kan mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ obìnrin náà sì ṣẹ́.

Kì í ṣe àjèjì ni ó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí sí wọn. Àwọn ọmọ Íńdíà fúnra wọn ni ó gbé e dé ilé ẹjọ́ àti iwájú ìjọba. Ilẹ̀ wọn ni ó ṣe òfin láti dáàbò bo ẹran ìgbẹ́ ní 1972, tí ó sì kéde ní 2010 pé erin ni ẹranko àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Ilẹ̀kùn tí ó lọ sínú ààfin Amber gan-an ń jẹ́ Ganesh Pol, orúkọ Ganesha, òrìṣà wọn tí ó ní orí erin. Ọ̀rọ̀ náà wá di ìbéèrè fún wọn: ohun tí a ń bọ, ṣé òun náà ni a tún ń di ẹrù lé?

ẸRÙ TÍ ODI FÚNRA RẸ̀ Ń RÙ

Erin nìkan kọ́ ni ó ń ru ẹrù àlejò. Ẹ wo Jaisalmer, tí Rawal Jaisal tẹ̀ dó nínú aṣálẹ̀ ní 1156. Ènìyàn ṣì ń gbé inú odi náà, bí baba wọn ti ń gbé níbẹ̀. Nígbà àtijọ́, orí ni wọ́n fi ń ru omi gòkè, ìwọ̀nba tí a óò mu àti èyí tí a óò fi se oúnjẹ sì ni. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé, tí àwọn ilé ìgbàlejò sì pọ̀ sí i nínú odi, omi tí wọ́n ń dà nù di púpọ̀. Òkè náà kì í ṣe àpáta líle. Omi ń rin ìpìlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ń rì, àwọn apá kan nínú odi sì ti wó. Odi tí aṣálẹ̀ kò lè ṣe nǹkan fún láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá wá, omi ìwẹ̀ àlejò ń ṣe é níjàǹbá.

Ní Amber pẹ̀lú, ní 2009, wọ́n gba àwọn tí ń ya sinimá láàyè láti wá ṣe iṣẹ́ wọn nínú ilé olódi náà. Wọ́n ba àwọn apá kan jẹ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga Rajasthan sì dá iṣẹ́ náà dúró. Owó díẹ̀ ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń mú wá. Ohun tí ó ń bàjẹ́ kò ṣe é rà padà.

OÚNJẸ ÀWỌN TÍ Ń DA ERIN

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ẹnìkan kì í jàre. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ìhà kejì. Àwọn tí ń da erin ní Amber kì í ṣe ọ̀tá erin. Iṣẹ́ tí baba wọn fi lé wọn lọ́wọ́ ni. Nítòsí Amber ni a kọ́ abúlé kan sí fún àwọn àti erin wọn. Hathi Gaon ni orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni Abúlé Erin. Níbẹ̀ ni ìdílé ń gbé tì erin, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fún un ní oúnjẹ. Oúnjẹ erin kan kì í ṣe kékeré: koríko àti ewé tí ó ń jẹ lóòjọ́ lè tó kìlógírámù 150.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020 tí a sì ti gbogbo Íńdíà pa ní oṣù kẹta, àlejò kò wá mọ́. Ènìyàn lè ti ilé ìtajà pa, kí ó lọ jókòó. Kò sí ẹni tí ó lè ti ikùn erin pa. Àwọn ìdílé wọ̀nyí wọ inú gbèsè àti ìpọ́njú, ebi ń pa wọ́n, ebi sì ń pa ẹran wọn. Ẹni tí ó bá ń wí pé kí a dá gígun erin dúró lọ́la, tí kò sì sọ ohun tí olówò náà yóò jẹ àti ẹni tí yóò bọ́ erin, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó sọ.

Ọ̀nà mìíràn wà, a sì ti rí i níbòmíràn. Ní Angkor, níbi àwọn tẹ́ḿpìlì àtijọ́ ilẹ̀ Kàǹbódíà, erin kan ṣubú kú ní 2016 lẹ́yìn tí ó gbé àlejò nínú ooru gbígbóná. Àwọn aláṣẹ ibẹ̀ dá gígun erin dúró. Nígbà tí 2020 bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kó àwọn erin náà lọ sínú igbó kan, níbi tí àlejò lè lọ wò wọ́n láìgùn wọ́n. Àwọn tẹ́ḿpìlì náà kò sì tìtorí èyí wó lulẹ̀. Ní Amber náà, ọkọ̀ jíìpù ń gbé àlejò gòkè, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá sì le lè fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn tí ń da erin ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé; wọ́n lè máa fi ìmọ̀ náà jẹun, bí a bá san owó fún wọn láti tọ́jú erin àti láti sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Àwa náà ti wọ ọ̀nà yìí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà nínú ìwé UNESCO láti 2005, Òkè Ìdànrè sì wà lára àwọn tí Nàìjíríà ti dárúkọ láti 2007 pé òun fẹ́ fi síbẹ̀. Bí ìlú tiwa bá fẹ́ tẹ̀lé wọn, ohun mẹ́ta ni mo rọ̀ yín pé kí a kọ́ lára Rajasthan.

Èkíní, kí a mọ ohun tí a ní kí a tó tà á. A kì í ru ẹran erin lórí kí á tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Ìtàn àwọn tí ó kú ní Chittorgarh àti ọgbọ́n àwọn tí ó mọ odi Kumbhalgarh tó láti mú ènìyàn wá láti òpin ayé. Àwọn ọmọ wa ní láti mọ ìtàn òkè tiwa ní àmọ̀já kí àlejò tó bi wọ́n léèrè.

Èkejì, kí a fi òdiwọ̀n lélẹ̀ kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Nígbà tí owó bá ti wọlé tán, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ó tó. Iye ènìyàn tí yóò gun òkè lójúmọ́, ibi tí omi yóò gbà, ibi tí ẹsẹ̀ àjèjì kò gbọdọ̀ tẹ̀, kí a kọ wọ́n sílẹ̀ kí gbogbo ìlú sì fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, kí a máa béèrè nígbà gbogbo pé, ta ni ń ru ẹrù náà? Bí ó bá jẹ́ ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀, tàbí odi tí kò lè sunkún, tàbí tálákà tí kò sí nínú ìpàdé wa, àwa ni kí a sọ̀rọ̀ dípò wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, ẹ ti rí ìlú púpọ̀ ju àwa lọ. Ẹ kọ̀wé ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí tí ó dára àti èyí tí kò dára. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ọwọ́ yín ni òkè náà wà. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a ta ohun tí àwọn baba wa fi ẹ̀mí wọn ṣọ́.

 Ìlú wa yóò máa tòrò, yóò sì máa gòkè sí i. Àṣẹ.